HBsAg tí wọ́n kọ sínú ìwé lábù yín: ibi tó ti wá, àti dókítà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tí kò rí

Ẹ̀gbọ́n mi kan ládùúgbò ló fa gbogbo àlàyé yìí. Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ bímọ, ọsibítù ní kí wọ́n mú ẹni tó máa fún wọn ní páìntì ẹ̀jẹ̀ kan wá kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ọkùnrin náà ní kí la tún ń wá ẹlòmíì sí, òun lòun lọ́mọ, òun náà lòun máa fà á. Ó jẹun yó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó lọ, ó ká apá aṣọ sókè. Wọ́n gba ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó jókòó. Nígbà tí wọ́n máa pè é padà, wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ kankan mọ́, ìwé ni wọ́n nà sí i: HBsAg, Reactive, ìyẹn ni pé wọ́n rí àmì fáírọ́ọ̀sì hepatitis B, tá à ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní "ẹ lọ rí dókítà", ó sì pe ẹni tó kàn.

Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣe? Kò lọ rí dókítà o, ilé ló lọ. Ó ya kọ́ọ̀pù ẹ̀ sọ́tọ̀, ó ya abọ́ àti ṣíbí ẹ̀ sọ́tọ̀, kò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta gun òun lẹ́sẹ̀ mọ́. Ìyá ẹ̀ gbọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ó gbọ́ ọ sí jẹ̀díjẹ̀dí, màmá bá gbé àgbo jẹ̀dí ìgò méjì wá láti Ṣágámù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń bá a yí kó tó fi fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, torí ó mọ̀ pé lábù ni mo ti ń jẹun. Ìbéèrè tó bi mi ni pé "àbúrò, kí ni nǹkan yìí gan-an, ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ rí i?" Ó jọ mí lójú torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè apá kejì yẹn. Bẹ́ẹ̀ apá kejì yẹn ló máa ń jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ yé èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ ná. Jẹ̀díjẹ̀dí, ìdí ló ń bá jà. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ni, ẹ̀dọ̀ tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá ọ̀tún, ẹ má sì pò ó pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró tá a fi ń mí. Àwọn míì ń pè é ní mẹ́dọ̀wú, lójú tèmi ìyẹn ló ṣe wẹ́kú jù, torí gbogbo ohun tí "hepatitis" ń sọ kò ju pé ẹ̀dọ̀ wú lọ. Kò sọ ohun tó wú u. Ọtí lè wú u, oògùn lè wú u, àgbo tí ẹnì kan pò pọ̀ láì mọ ìwọ̀n ẹ̀ lè wú u, fáírọ́ọ̀sì náà sì lè wú u, ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì la sì wà lórí ẹ̀ yìí. Ibà pọ́njú tún ń kọ́? Àmì nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó máa ń fi àwọ̀ yẹ́lò kan sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa kó o dànù, tí ẹ̀dọ̀ ò bá rí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe mọ́ àwọ̀ yẹn á máa kún, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ẹni tó ní fáírọ́ọ̀sì yìí lè lo ogún ọdún kí ojú ẹ̀ má pọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ó dáa, ta ló kọ́kọ́ rí i. Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Harvey Alter, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, New York ni wọ́n bí i sí ní 1935, ó kàwé dókítà ní Yunifásítì Rochester, ó parí ní 1960. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló lọ ṣiṣẹ́ ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Bethesda lẹ́gbẹ̀ẹ́ Washington, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ẹ fọkàn sí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni àwọn aláìsàn tí ara wọn máa ń gbóná lẹ́yìn tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí wọn lára, ó ń wá ohun tí ara wọn ń bá jà nínú ẹ̀jẹ̀ àjèjì yẹn.

Ìgbà yẹn náà, ọkùnrin kan wà ní NIH tó ń jẹ́ Baruch Blumberg, òun náà dókítà ni, òun náà kò wá ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ wá. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn fi yàtọ̀ síra láti ìlú dé ìlú, kí ló dé tí àìsàn kan ń mú àwọn yìí tí kì í mú àwọn tọ̀hún. Kiri ló ń kiri ayé gba ẹ̀jẹ̀ jọ. Kódà ó dé ọ̀dọ̀ wa, 1957 ló wá sí Nàìjíríà fún iṣẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn Nàìjíríà wà lára ohun tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ìwé lé lórí ní 1958, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn òyìnbó Bìrìtìkó àti ti àwọn Basque ilẹ̀ Sípéènì. Nígbà tí Alter gbọ́ ohun tó ń ṣe, ó rí i pé nǹkan kan náà làwọn méjèèjì ń wá, ni wọ́n bá so ó pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí torí òun ni gbogbo ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹ̀kọ tútù tí wọ́n dà sórí pẹrẹsẹ gíláàsì, tó ti dì, tó ń dán, tẹ́ ẹ lè máa wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń lò ní lábù, àmọ́ àtinú ewéko òkun ni tiwọn ti ń wá. Wọ́n á dá ihò kéékèèké sí i, ọ̀kan láàárín, àwọn tó kù á yí i ká. Wọ́n á da omi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sí ti àárín, ìyẹn omi tó máa ń lé sókè tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, wọ́n á da ti àwọn ẹlòmíì sínú àwọn tó yí i ká, wọ́n á sì lọ sùn. Omi kọ̀ọ̀kan á máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀kọ yẹn. Tí ohun tó wà nínú èyí kò bá mọ ohun tó wà nínú ìyẹn, wọ́n á gba ara wọn kọjá, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá ní ọmọ ogun tó ti bá nǹkan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì jà rí, ojú ọ̀nà ni wọ́n á ti pàdé, wọ́n á dì mọ́ra, ìlà funfun tín-ín-rín kan á yọ níbi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe ti ọjọ́ yẹn jẹ́ aláìsàn kan ní New York tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í dá tó bá fara pa, torí bẹ́ẹ̀ àìmọye ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti fà sí i lára, ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ìlà kan yọ, ó yọ láàárín ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ àti ti ọmọ onílẹ̀ kan láti Ọsirélíà, lẹ́yìn òkun lọ́hùn-ún. Ìlà tí wọ́n ti ń rí tẹ́lẹ̀ ní ọ̀rá nínú, tí wọ́n bá fi aró tó ń mú ọ̀rá kùn ún ó máa ń gbé búlúù jáde. Eléyìí kọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba búlúù. Aró tó ń mú pròtéènì ló gbà, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Alter fẹ́ kí wọ́n fi pupa yẹn sọ ọ́ lórúkọ, Blumberg ní rárá, ibi tí ẹni náà ti wá ni kí wọ́n fi pè é, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn nǹkan inú ẹ̀jẹ̀, orúkọ ọ̀gá ló sì borí, wọ́n pè é ní Australia antigen (antigen ni ohun àjèjì tí ọmọ ogun ara ń dìde sí). 1965 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: Australia antigen yẹn gan-an ló ń jẹ́ HBsAg lónìí. S inú ẹ̀ ń tọ́ka sí òde ara, ìyẹn aṣọ tí fáírọ́ọ̀sì hepatitis B wọ̀ sọ́rùn. Tí wọ́n bá kan ẹ̀jẹ̀ yín sórí strip ní lábù tí ìlà pupa méjì bá jáde, aṣọ yẹn ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ yín (aró tó wà nínú strip kò kan aró tiwọn o, ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ mi ò kì í rí ìlà kejì yẹn yọ kí n má rántí).

Ẹ ẹ̀ wá ní gbà gbọ́ pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n rí. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tára wọn le, ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń rí i, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ó pọ̀ gan-an, ni wọ́n bá rò pé ti jẹjẹrẹ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí àkọlé. Àṣé àwọn onítọ̀hún gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ara wọn sì rọ̀, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ráyè wọlé. Blumberg ti kó lọ sí Philadelphia kí àṣírí tó tú. Ẹnì kan tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ tí kò ní i, wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó ti ní i, nígbà tí wọ́n wo ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ó ti wú. Lẹ́yìn náà ó rẹ obìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní lábù, ojú ń pọ́n ọn, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò, ìlà yọ. 1967 ni wọ́n kọ ọ́ síta pé ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú ni. Ní 1969 Blumberg àti Irving Millman ti kọ bí wọ́n ṣe lè fi aṣọ fáírọ́ọ̀sì yẹn ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀, 1976 Blumberg gba Nobel. Ọjọ́ 28 oṣù Keje tí wọ́n ń ṣe àyájọ́ hepatitis káàkiri ayé, ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni.

Alter ní tiẹ̀ ti kúrò ní NIH lákòókò yẹn, ó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní Seattle, ó tún lọ sí Georgetown, 1969 ló padà. Ibí ni ìtàn tiẹ̀ ti dùn lójú tèmi, torí Nobel ti Blumberg gbà yẹn ì bá ti mú kí ẹlòmíì máa ká ìka jẹ, òun ti wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míì tí ò ní ariwo nínú kí ìyẹn tó dé.

Iṣẹ́ yẹn ni pé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ní NIH, ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n ń fà sí wọn lára, bíi ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń jáde pẹ̀lú mẹ́dọ̀wú. Ẹ rò ó wò, wọ́n tún ọkàn èèyàn ṣe tán, wọ́n wá fi àìsàn ẹ̀dọ̀ sin ín lọ ilé. Wọ́n ń tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún máa gbà á léraléra lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń wo ohun kan tí wọ́n ń pè ní ALT, ìyẹn ohun tó máa ń jò jáde láti inú ẹ̀dọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ bá fara pa. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá wò tán, wọ́n á kọ déètì sí i lára, wọ́n á fi í sínú fíríísà. Ti ẹni tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ náà ń kọ́? Wọ́n tọ́jú tiẹ̀ náà. Ọdún ń gorí ọdún, fíríísà ń kún. Èmi tí mo mọ bí fíríísà lábù ṣe máa ń rí, tí gbogbo èèyàn ń wá àyè nínú ẹ̀, tí ọ̀gá tuntun bá dé ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ kó gbogbo pàǹtírí yìí dànù, mo mọ̀ pé suuru ńlá ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde nínú ẹ̀ kò ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan nínú: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fowó rà ló ń pa wọ́n. Nígbà yẹn ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tà jẹun, àwọn tí ọtí àti oògùn ti gba ayé wọn, wọ́n á tà lónìí wọ́n á tún padà wá. Àwọn tí wọ́n fún ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mẹ́dọ̀wú ń mú jù, kò mú àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ ọlọ́rẹ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1970 NIH fòpin sí ríra ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fi tọrẹ nìkan ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Australia antigen lára ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n yẹn já wálẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn bọ̀ọ̀dá tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ọsibítù tí wọ́n á ní "ẹ fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, mélòó lẹ ní", ẹ mọ̀ pé àwa ò tíì bọ́ níbẹ̀.

Mẹ́wàá tó kù yẹn wá di wàhálà. B kọ́ ló ṣe wọ́n, wọ́n ti yẹ B wò. A ni àbí? Hepatitis A ni èyí tí èèyàn ń kó nínú omi àti oúnjẹ ìdọ̀tí, wọn ò tíì rí fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ nígbà yẹn, àfi ní 1973 tí Feinstone, Kapikian àti Purcell, NIH kan náà, rí i. Wọ́n bá sáré lọ sí fíríísà. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 22, wọ́n wò ó bóyá A ló mú wọn. Kò sí ẹyọ kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975.

Nǹkan tí kì í ṣe A, tí kì í ṣe B. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ náà nìyẹn, non-A, non-B, ọdún mẹ́rìnlá ló fi jẹ́ orúkọ yẹn. Kí ló dé tí wọn ò pè é ní C? Torí wọn ò mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì kan ni àbí mẹ́ta, wọn ò fẹ́ sọ ọmọ tí wọn ò tíì rí lórúkọ. Mo gba ti ìyẹn gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ burúkú ni fún aláìsàn láti gbọ́, kí dókítà máa sọ fún ẹ pé ohun tó ń ṣe ẹ́ ni ohun tí kì í ṣe èyí tí kì í ṣe ìyẹn. Àwọn dókítà kan tiẹ̀ ń sọ pé kò tó nǹkan, torí ojú ọ̀pọ̀ wọn kì í pọ́n, ALT lásán ló ń lọ sókè sódò. Alter àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní kí wọ́n gé bíńtín lára ẹ̀dọ̀ àwọn kan wò, wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀ àwọn míì ti ń lápá, ó ti ń le, ó ń gbẹ lọ. Lónìí a mọ̀ pé láàárín ogún ọdún, 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí C bá jókòó sí lára ni ẹ̀dọ̀ wọn máa ń gbẹ bẹ́ẹ̀.

Ní 1978 wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sí ìnàkí márùn-ún lára, irú èyí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee, ẹ̀dọ̀ wọn wú. Ẹ̀rí nìyẹn pé ohun alààyè kan ló ń rìn láti ara kan sí ara kejì. (Wọn ò ń lo chimpanzee fún irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà mọ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.) Wọ́n mọ̀ pé kẹ́míkà tó ń tú ọ̀rá ń pa á, nítorí náà ọ̀rá wà lára aṣọ ẹ̀. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n mọ bó ṣe kéré tó. Wọ́n mọ ìwà ẹ̀, wọn ò mọ ojú ẹ̀.

Ibi tí ọkùnrin yìí ti wù mí jù nìyí. Ní gbogbo ọdún yẹn, lábù oríṣiríṣi ń pariwo pé àwọn ti rí i o, àwọn ti ní àyẹ̀wò tó ń mú un. Alter kì í bá wọn jà. Ó ní ìdì ẹ̀jẹ̀ kan nínú fíríísà ẹ̀. Ó mú ẹ̀jẹ̀ tó dájú pé ó ní àrùn náà torí ó ti ran ìnàkí, ó mú ẹ̀jẹ̀ tó dájú pé ó mọ́, ó tún mú àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀mejì kó lè mọ̀ bóyá ohun kan náà ni wọ́n máa sọ nípa wọn, ó yọ orúkọ kúrò lára gbogbo ẹ̀, kóòdù ló kọ sí i, ó wá fi ránṣẹ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ti rí i, ẹ bá mi yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á dá èsì padà, òun á ṣí kóòdù. Ẹni tó mọ́ ni wọ́n pè ní aláìsàn, aláìsàn ni wọ́n ní ó mọ́, ìgò kan náà tó fi ránṣẹ́ ní méjì wọ́n sọ oríṣi méjì nípa ẹ̀. Wọ́n á ní ó dàbọ̀. Ọ̀pọ̀ lábù ló já bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, mi ò rí ìdánwò tó le tó ìyẹn rí, torí kò sí ibi tẹ́ ẹ máa gbà ṣe ojú ayé.

Àwọn tó yege ni Chiron, kọ́ńpìnnì kan ní Emeryville ní California. Michael Houghton, Qui-Lim Choo àti George Kuo, pẹ̀lú Daniel Bradley láti CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ìnàkí. Wọn ò wá fáírọ́ọ̀sì náà lójú. Gbogbo àkọsílẹ̀ ìran tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìnàkí tó ní àrùn ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, wọ́n gbé e fún bakitéríà kí wọ́n máa bá wọn ṣe pròtéènì ẹ̀ jáde, bíi mílíọ̀nù kan ègé, wọ́n wá fi omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní non-A, non-B wẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n ń retí kí ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ yẹn dá ọ̀kan mọ̀. Ọ̀kan náà ló dá mọ̀. Wọ́n fi ìyẹn ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kí Alter fi ìdì ẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó ṣí kóòdù, wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ jù lọ lára àwọn tó ní àrùn, kò sì sí ẹyọ kan nínú àwọn tó mọ́ tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ọdún 1989 nìyẹn, ọdún yẹn ló di hepatitis C.

Alter wá padà sínú fíríísà, torí àwọn aláìsàn tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé láti àwọn ọdún 1970, ẹ̀jẹ̀ wọn wà níbẹ̀, ti kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ àti ti lẹ́yìn ẹ̀. Ó rí i pé wọn ò ní i tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ní i lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Láti 1990 ni wọ́n ti ń yẹ C wò lára ẹ̀jẹ̀ ọrẹ ní Amẹ́ríkà, 1992 èyí tó mú jù ú lọ dé. Nínú àwọn tí Alter ń tẹ̀ lé, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tá a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo kí ọ̀rúndún yẹn tó parí. Ní 1997 Charles Rice fi hàn ní St. Louis pé fáírọ́ọ̀sì yẹn nìkan, láìsí olùrànlọ́wọ́, tó láti fa àìsàn náà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2020 wọ́n fún Alter, Houghton àti Rice ní Nobel. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí wọ́n pe Alter láti Stockholm, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan kò gbé e, ó dún lẹ́ẹ̀kejì kò gbé e, ìgbà kẹta ló fi ìbínú dìde. Ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rin ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé ẹ̀gbọ́n mi.

HBsAg reactive ń sọ pé B wà lára yín lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ yín wò. Kò sọ pé ẹ̀dọ̀ yín ti bàjẹ́. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn, dókítà á ní kẹ́ ẹ ṣe ALT, kẹ́ ẹ ka iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ ya àwòrán ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá ẹ nílò oògùn. Gbogbo èèyàn kọ́ ló ń nílò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oògùn B, bíi tenofovir, ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, kò sábà lé e jáde pátápátá. Tí ìwé tiyín bá wá sọ pé anti-HCV, ìyẹn yàtọ̀, ọmọ ogun tí ara yín kó dìde sí C ni wọ́n rí, wọ́n lè ti bá a jà kí wọ́n ṣẹ́gun ẹ̀, kí ọmọ ogun ṣì wà níbẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò kejì tó ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tó bá sì wà lóòótọ́, C ṣeé wò tán báyìí, oògùn tí wọ́n ń gbé mì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, ó ń wo èèyàn tó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún sàn. Ẹ wá wo bó ṣe rí: B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní ìwòsàn tó ń gbá a dànù, C ní ìwòsàn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ó máa ń pààrọ̀ aṣọ jù. A àti E, inú omi àti oúnjẹ ni wọ́n ti ń wá, wọ́n sábà máa ń lọ fúnra wọn. D kì í dá wá, ó ní láti bá B gun kẹ̀kẹ́.

Kọ́ọ̀pù àti abọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi yà sọ́tọ̀, iṣẹ́ òfo ni. B kì í gba inú oúnjẹ, kì í gba inú dídì mọ́ra, ọmọ gígun èèyàn lẹ́sẹ̀ kì í fà á. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìbálòpọ̀ ni, ìyá sọ́mọ lákòókò ìbí ni. Abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, bíléèdì onígbàjámọ̀, sísọ́ọ̀sì àwọn tó ń gé èékánná kiri àdúgbò, abẹ́rẹ́ kẹ́mìsì tí wọ́n lò fún méjì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Àgbalagbà tó bá kó B, ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún tí ara wọn máa lé e lọ. Ọmọ jòjòló tó kó o lára ìyá ẹ̀, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa bá dàgbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ yẹn láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí i, 2004 ló sì ti wà nínú ètò àjẹsára Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn àgbà tó dàgbà kó tó dé ló pọ̀ nínú ìṣirò: nínú àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe káàkiri ilẹ̀ yìí ní 2018, 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní B, 1.1 ní C.

Mo ní kó da àgbo Ṣágámù yẹn nù, ó ní màmá á bínú, mo ní kó gbé e pamọ́ tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló ṣòro, ṣáà má mu ún. Ìyàwó ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, kò ní i, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀, ọmọ tuntun gba tiẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. ALT ẹ̀gbọ́n wà níbi tó yẹ, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kò pọ̀, dókítà ní kó máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nígbà tí mo sọ fún un pé Australia ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe nǹkan tí wọ́n rí lára ẹ̀, ó wò mí títí. "Èmi tí mi ò tíì kọjá Kútọnu rí."